Dáyámọ́ńdì funfun àbí aláwọ̀, òkúta àbí orúkọ: èwo lẹ fẹ́ rà ní gbàǹjo?

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2015, ní ìlú Geneva, olówó kan ará Hong Kong ra dáyámọ́ńdì méjì láàárín ọjọ́ méjì fún ọmọ rẹ̀ obìnrin. Pínkì ni ti ọjọ́ àkọ́kọ́, kárátì 16.08 (kárátì ni wọ́n fi ń wọn bí òkúta ṣe wúwo tó), ilé gbàǹjo Christie's ló tà á, mílíọ̀nù 28.5 dọ́là ló san. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó ra búlúù lọ́wọ́ Sotheby's, ilé gbàǹjo mìíràn, kárátì 12.03 péré, ìyẹn gba mílíọ̀nù 48.4 dọ́là lọ́wọ́ ẹ̀. Èyí tó kéré ló wọ́n jù, kì í sì í ṣe díẹ̀ ló fi wọ́n jù ú lọ. Ẹni tó bá ti mọ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀, ó máa ṣòro kí ẹnikẹ́ni tó fi títóbi òkúta tàn án jẹ.

Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti ń lọ wo ọjà àwọn onígbàǹjo yìí ní London, ní New Bond Street níbi tí Sotheby's wà, àti King Street tó jẹ́ ti Christie's. Ọ̀fẹ́ ni wíwò o. Kò dìgbà tí ẹ bá jẹ́ olówó, ẹ kàn máa wọlé, ẹ ní kí wọ́n yọ èyí tó wù yín síta nínú gíláàsì, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á gbé e lé yín lọ́wọ́. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé ẹni tó ń ra nǹkan ọ̀ṣọ́ ní gbàǹjo, òkúta ló ń sanwó fún, tàbí ọwọ́ tó ṣe é, tàbí ọrùn tó ti wọ̀ ọ́ rí. Ìbànújẹ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ níbi tí èèyàn bá ti sanwó ọ̀kan tó sì gbà pé òmíràn lòun rà. Torí ẹ̀ ni mo ṣe kó wọn síwájú ara wọn báyìí, kí ẹ tó ná kọ́bọ̀.

Funfun àti aláwọ̀

Funfun lẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú. Dáyámọ́ńdì funfun, bó ṣe dà bí omi tó ni wọ́n fi ń díye lé e. Àwọn GIA, ilé ìyẹ̀wò òkúta ní Amẹ́ríkà, máa ń fún un ní lẹ́tà láti D títí dé Z. D ò ní àwọ̀ kankan nínú, bí ẹ ṣe ń lọ sápá Z ni àwọ̀ bíi ti ìyeyè ń yọ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n tún máa ń wo inú ẹ̀ pẹ̀lú awò tó ń sọ nǹkan di ńlá nígbà mẹ́wàá, bóyá ó ní àbùkù, ibẹ̀ ni àwọn FL, IF, VVS, VS ti wá: FL ló mọ́ jù, àbùkù sì ń pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ṣe ń lọ sápá VS.

Ẹ wo méjì yìí. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2013, Christie's ta ọ̀kan ní Geneva, kárátì 101.73, lẹ́tà D, kò lábùkù rárá, mílíọ̀nù 26.7 dọ́là. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2022, ilé kan náà, ìlú kan náà, wọ́n gbé èyí tí wọ́n ń pè ní The Rock jáde, kárátì 228.31, ó ju ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́ lọ, gbogbo ayé ń pariwo ẹ̀, iye tí wọ́n tà á kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 21.9 lọ. G ni lẹ́tà tiẹ̀, inú ẹ̀ jẹ́ VS1. Tí ẹ bá pín in sí kárátì kọ̀ọ̀kan, ti àkọ́kọ́ lé ní ọ̀kẹ́ mẹ́tàlá dọ́là, ìyẹn nǹkan bíi 262,000, ti The Rock ò pé 100,000. Lẹ́tà mẹ́ta, láti D dé G, àti àbùkù tín-ín-tín tí ojú lásán ò lè rí, òun ló ṣe gbogbo èyí.

Ṣùgbọ́n ẹ dákun, ẹ má tìtorí ìyẹn sáré lọ ra D o. Tó bá jẹ́ òrùka kárátì kan tàbí méjì tí ẹ fẹ́ máa wọ̀ lọ síbi ayẹyẹ, tí wọ́n sì fi góòlù pupa yí i ká, ojú yín ò ní mọ ìyàtọ̀ D àti G, torí àwọ̀ góòlù yẹn fúnra ẹ̀ á ràn mọ́ òkúta. G tí wọ́n gé dáadáa máa ń tàn ju D tí wọ́n gé játijàti. Ẹni tó ń ra òkúta ńlá láti tà á lọ́jọ́ iwájú ni owó D ń ṣe láǹfààní, ẹni tó ń ra fún ìka ẹ̀, kó wo gígé kó tó wo lẹ́tà.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà lórí funfun tí mi ò lè fi pamọ́. Dáyámọ́ńdì tí wọ́n ń ṣe ní ilé ìwádìí ti pọ̀ lọ́jà báyìí, dáyámọ́ńdì gidi ni, kì í ṣe gíláàsì, ẹ̀rọ ló kàn ṣe é dípò ilẹ̀, owó ẹ̀ sì ti já wálẹ̀ gan-an. Ìyẹn ti fa owó àwọn funfun kéékèèké tó ti inú ilẹ̀ wá náà sílẹ̀. Tí ẹ bá ra funfun kárátì kan ní ṣọ́ọ̀bù lónìí, ẹ rà á nítorí ìfẹ́, ẹ má fojú ìfowópamọ́ wò ó.

Aláwọ̀ wá ńkọ́? Ohun tó ń ba funfun jẹ́ gan-an ló ń gbé tiẹ̀ ga. Ìyeyè fẹ́ẹ́rẹ́ ń já owó òkúta wálẹ̀ títí dé Z, tó bá wá kọjá Z tó pọ́n dáadáa, orúkọ ẹ̀ yí padà, ó di Fancy, owó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Náítrójìnì ló ń mú yẹ́lò wá. Bórọ́ọ̀nù ló ń mú búlúù wá, ìwọ̀nba bíńtín nínú òkúta. Pínkì ni tiẹ̀ yàtọ̀, nǹkan kan kọ́ ló dà wọ inú ẹ̀, ilẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́ tó fún un mọ́lẹ̀ nígbà tó ṣì wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún títí ètò inú ẹ̀ fi yẹ̀, òun ló sọ ọ́ di pínkì. Ẹ ò rí i pé ohun àrà ni.

Ẹ wá fi owó wọn síwájú ara wọn. Ní Hong Kong, oṣù kẹwàá ọdún 2013, Sotheby's ta funfun kárátì 118.28, lẹ́tà D, aláìlábùkù, mílíọ̀nù 30.6 dọ́là. Ní Hong Kong yẹn náà, oṣù kẹwàá ọdún 2022, wọ́n ta pínkì tí wọ́n ń pè ní Williamson Pink Star, kárátì 11.15, mílíọ̀nù 57.7. Kárátì kan jẹ́ ìdá kan nínú márùn-ún gíráàmù, torí náà gbogbo òkúta pínkì yẹn ò wọ̀n tó gíráàmù méjì àbọ̀. Kárátì kọ̀ọ̀kan ẹ̀ sì lé ní mílíọ̀nù márùn-ún dọ́là, bíi ìlọ́po ogún ti funfun.

Ohun tó tún wọ ọ̀rọ̀ pínkì ni pé ibi ìwakùsà Argyle ní apá ìwọ̀-oòrùn Ọsirélíà, níbi tí ó lé ní ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo pínkì ayé ti ń wá, wọ́n tì í pa ní oṣù kọkànlá ọdún 2020. Òkúta ibẹ̀ ti tán. Àwọn oníṣòwò sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n á máa fi orúkọ Argyle ta pínkì tó ṣá tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ funfun fún yín lówó gọbọi. Ẹ wo ọ̀rọ̀ tó wà níwájú àwọ̀ nínú ìwé GIA: Faint ló kéré jù, Fancy ń bẹ láàárín, Fancy Intense ju ìyẹn lọ, Fancy Vivid ló máa ń gbówó lérí jù. Ẹ tún rí i dájú pé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọ̀ yẹn jẹ́ ti àdáyébá, torí wọ́n lè fi ìtànṣán tàbí ooru gbígbóná yí àwọ̀ òkúta padà, ojú tèmi àti tiyín ò lè mọ̀ ọ́n. Láìsí ìwé yẹn, ẹ má nawọ́ sókè rárá.

Tí aláwọ̀ bá wù yín tí owó ò sì pọ̀, yẹ́lò ni ẹnu ọ̀nà. Fancy Intense yẹ́lò kárátì kan, owó ẹ̀ ò sún mọ́ ti pínkì rárá, ó sì lẹ́wà bí oòrùn àárọ̀.

Òkúta àti ọwọ́ tó ṣe é

Èmi o, ibí ni ọkàn mi wà. Àwọn ilé bíi Cartier, Van Cleef & Arpels, Bulgari, tí wọ́n bá fi orúkọ wọn sí nǹkan, ó lè jẹ́ pé òkúta tó wà lára ẹ̀ ò tó nǹkan, kó sì tún wọ́n ju òrùka olókùúta ńlá lọ. Ẹ wo ẹ̀gbà ọwọ́ ẹkùn tí Cartier ṣe ní Paris ní ọdún 1952 fún ìyàwó Dúkì Windsor, ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ́lẹ̀. Dáyámọ́ńdì kéékèèké àti òkúta dúdú óníksì ni wọ́n fi bò ó, kò sí òkúta ńlá kankan níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹranko yẹn ká mọ́ ọwọ́ bíi pé ó wà láàyè, gbogbo oríkèé ara ẹ̀ ló ń mì. Sotheby's tà á ní London ní oṣù kọkànlá ọdún 2010, ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin àbọ̀ pọ́ùn. Ẹ tú u palẹ̀, ẹ kó òkúta ẹ̀ lọ sọ́jà, owó tí ẹ máa rí kò ní tó nǹkan.

Ọ̀nà tí ẹ fi máa yẹ irú nǹkan báyìí wò yàtọ̀ sí ti òkúta. Ìwé GIA ò wúlò púpọ̀ níbẹ̀. Ẹ yí i sẹ́yìn, ẹ̀yìn nǹkan ọ̀ṣọ́ ló ń sọ òótọ́. Ẹ wá orúkọ àti nọ́ńbà tí wọ́n fín sí i, ẹ wo bóyá fínfín yẹn mú dáadáa àbí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ fín in láìpẹ́. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ ilẹ̀ Faransé, góòlù kárátì 18 máa ń ní àmì orí ẹyẹ idì, plátínọ́ọ̀mù ní orí ajá, wọ́n kéré bí imú abẹ́rẹ́ ṣùgbọ́n wọ́n wà níbẹ̀. Ẹ bèèrè bóyá wọ́n ti tún un ṣe rí, bóyá wọ́n ti pààrọ̀ òkúta ẹ̀, bóyá wọ́n ti gé ṣéènì ẹ̀ kúrú. (Kárátì góòlù yàtọ̀ sí kárátì òkúta o, ti góòlù ń sọ bó ṣe dá ṣáká tó, ti òkúta ń sọ bó ṣe wúwo tó. Mo ti rí àgbàlagbà tó da méjèèjì pọ̀ níwájú òǹtajà, òǹtajà yẹn ò sì tún un ṣe fún un.)

Àléébù iṣẹ́ olórúkọ ni pé tó bá bàjẹ́, orúkọ yẹn bá a lọ. Òkúta tí èékánná tó dì í mú bá ṣẹ́, alágbẹ̀dẹ wúrà á tún un ṣe, òkúta ṣì jẹ́ òkúta. Yẹtí Van Cleef tí ẹnì kan ti fi iná jó ẹ̀yìn ẹ̀ láti tún ìdè ẹ̀ ṣe, ìdajì owó ẹ̀ ti lọ lójú àwọn tó mọ̀ ọ́n.

Ọrùn tó ti wọ̀ ọ́ rí

Àwa Yorùbá ò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé èyí fún wa. Ìyùn tí ìyá ìyá mi wọ̀ nígbà ìgbéyàwó ẹ̀, ẹ lè rí irú ẹ̀ rà lọ́jà lónìí, àwọ̀ kan náà, gígùn kan náà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa gbà nínú ilé wa pé nǹkan kan náà ni. Ayé àwọn olówó náà mọ ohun yẹn, wọ́n kàn fi owó sọ ọ́ ni. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2018, Sotheby's gbé péálì kan jáde ní Geneva tó jẹ́ ti Marie Antoinette, ayaba Faransé tí wọ́n bẹ́ lórí ní 1793. Wọ́n fojú bù ú sí mílíọ̀nù kan sí méjì dọ́là. Mílíọ̀nù 36 ló parí sí.

Ti Elizabeth Taylor náà ńkọ́, òṣèré tó fẹ́ràn dáyámọ́ńdì bí ẹni pé wọ́n bí i mọ́ ọn. Ọkọ ẹ̀, Richard Burton, ra péálì La Peregrina fún un ní gbàǹjo ní ọdún 1969, 37,000 dọ́là. Nígbà tí Christie's ta ẹrù ẹ̀ ní New York ní oṣù kejìlá ọdún 2011, wọ́n fojú bù ú sí mílíọ̀nù méjì sí mẹ́ta, ó kọjá mílíọ̀nù 11. Òrùka ẹ̀ kárátì 33.19 tó máa ń wọ̀ lójoojúmọ́ gba mílíọ̀nù 8.8.

Ẹ ṣọ́ra níbí ṣá. Owó ọrùn kì í ràn mọ́ ọrùn tiyín. Tí ẹ bá ra yẹtí tó jẹ́ ti gbajúmọ̀ kan tí ayé máa gbàgbé ní ogún ọdún sí i, ohun tó kù fún yín ni yẹtí. Orúkọ tó wà nínú ìtàn ayé ló ń dúró. Orúkọ sì lè ba nǹkan jẹ́ pẹ̀lú. Ní 2023, Christie's ta ẹrù Heidi Horten, obìnrin olówó kan ará Austria, ní Geneva, ó lé ní mílíọ̀nù 200 dọ́là, ṣùgbọ́n ọkọ ẹ̀ ti ra ilé ìtajà àwọn Júù tí ìjọba Hitler ń lé kúrò nílùú, ibẹ̀ ni ọrọ̀ ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ariwo sì pọ̀ débi pé Christie's fagi lé títa àwọn tó kù. Èmi gbà pé ariwo yẹn tọ́. Ẹ máa bèèrè ibi tí nǹkan ti wá, kì í ṣe nítorí owó nìkan.

Ẹjọ́ kan wà tó ṣì ń dùn mí. Dáyámọ́ńdì búlúù Wittelsbach, tó ti wà lórí adé àwọn ọba Bavaria ní Jámánì, kárátì 35.56. Laurence Graff, oníṣòwò dáyámọ́ńdì, rà á ní Christie's ní London ní oṣù kejìlá ọdún 2008, ó lé ní mílíọ̀nù 16 pọ́ùn. Ó ní kí wọ́n tún un gé. Ó di kárátì 31.06, ìwé GIA ẹ̀ gòkè, àwọ̀ ẹ̀ mọ́ sí i, àbùkù inú ẹ̀ kúrò, lórí ìwé ó dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n gígé àtijọ́ yẹn, tí ọwọ́ àwọn tó ti kú láti ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan gé, ó ti lọ títí ayé. Ẹni tó gbà pé òkúta lòun ń rà máa sọ pé ó ṣe dáadáa. Ẹni tó gbà pé ìtàn lòun ń rà máa sọ pé ó ba ogún jẹ́. Èmi wà pẹ̀lú ẹnì kejì, tọkàntọkàn ni mo sì fi sọ ọ́.

Èyí tí wọ́n gé àti èyí tí wọn ò tíì gé

Mi ò ní pẹ́ lórí èyí. Ẹ má ra èyí tí wọn ò tíì gé. Dáyámọ́ńdì Lesedi La Rona, tí wọ́n wà jáde ní Karowe ní Botswana ní ọdún 2015, kárátì 1,109, Sotheby's gbé e lọ sí gbàǹjo ní London ní oṣù kẹfà ọdún 2016, owó tó ga jù tí wọ́n pè jẹ́ mílíọ̀nù 61 dọ́là, olówó ẹrù ní kò tó. Ọdún tó tẹ̀ lé e, mílíọ̀nù 53 ni wọ́n tà á fún Graff. Ti Sierra Leone níbí ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà náà rí bẹ́ẹ̀: kárátì 709, òṣìṣẹ́ pásítọ̀ kan ló rí i ní 2017, pásítọ̀ yẹn gbé e fún ìjọba dípò kó gbé e gba ẹ̀yìn, ohun tó ṣe wú mi lórí púpọ̀. Ìjọba ní àwọn ò gba mílíọ̀nù 7.7 dọ́là tí wọ́n kọ́kọ́ fi lọ̀ wọ́n, nígbà tó dé New York ní oṣù kejìlá, mílíọ̀nù 6.5 ni wọ́n rí. Ẹni tó ń ra òkúta tí wọn ò tíì gé ń ra ohun tí kò rí, àwọn tó ní ẹ̀rọ tó ń wo inú òkúta nìkan ló yẹ kó ṣe é.

Owó tó ń bọ̀ lẹ́yìn òòlù

Iye tí wọ́n kọ sínú kátálọ́ọ̀gù, tí wọ́n fojú bù, kò ní owó ilé gbàǹjo nínú. Iye tí ìròyìn ń gbé pé wọ́n tà á, owó ilé gbàǹjo ti wà nínú ẹ̀. Ẹ rántí ìyẹn tí ẹ bá ń fi wọ́n wéra, kódà àwọn iye tí mo kọ sókè yìí.

Mo ra òrùka kan ní 2021 lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lọ́wọ́ ilé gbàǹjo kékeré kan tí mi ò ní dárúkọ. Òòlù tí wọ́n fi ń parí títà bọ́ sí £1,800, inú mi dùn, mo ti pe àbúrò mi. Ìwé owó dé, mo rí £2,361.60: ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún ni owó tiwọn, wọ́n tún gbé VAT lé owó tiwọn yẹn, kí n tó san owó tí wọ́n fi máa fi ránṣẹ́. Ìyẹn ṣì kéré. Nígbà tí òrùka dé, méjì nínú èékánná mẹ́rin tó di òkúta mú ti jẹ títí ó ti fẹ́lẹ́ bíi bébà, fọ́tò tí wọ́n yà ò fi hàn, ìròyìn ipò ọjà tó yẹ kí n bèèrè fún, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, mi ò bèèrè. Gbàǹjo ò ní ìdápadà bíi ti ṣọ́ọ̀bù. Ó dùn mí gan-an ni.

Torí náà, ṣọ́ọ̀bù àbí gbàǹjo? Ṣọ́ọ̀bù wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ lè dá a padà, wọ́n á tún un ṣe fún yín, ẹ ní àkókò láti rò ó. Gbàǹjo máa ń sún mọ́ iye tí àwọn oníṣòwò ń rà láàárín ara wọn, ṣùgbọ́n gbogbo àyẹ̀wò wà lọ́rùn yín. Ẹ pinnu iye tí ẹ máa san pátápátá, ẹ yọ owó ilé gbàǹjo àti VAT kúrò nínú ẹ̀, èyí tó kù ni ibi tí ẹ máa pe owó dé, ẹ kọ ọ́ sórí bébà kẹ́ ẹ tó jókòó. Inú gbọ̀ngàn máa ń gbóná, ẹni tó wà lórí fóònù náà ò mọ ìgbà tó kọjá agbára ẹ̀. Kódà Pink Star, pínkì kárátì 59.60, ẹni tó borí gbàǹjo ẹ̀ ní mílíọ̀nù 83 dọ́là ní Geneva ní 2013 ò rí owó náà san, ó padà sọ́wọ́ Sotheby's, ìgbà tó di oṣù kẹrin ọdún 2017 ni wọ́n tó rí i tà ní Hong Kong, mílíọ̀nù 71.2.

Tó bá jẹ́ pé £3,000 ló wà lọ́wọ́ mi lónìí, mi ò ní fi ra dáyámọ́ńdì kárátì kan. Yẹtí góòlù olórúkọ ni màá wá, iṣẹ́ ọdún 1970 sí 1980, tí kò ní òkúta tàbí tó ní kékeré, tí nọ́ńbà ẹ̀ ṣì hàn dáadáa. Tó bá jẹ́ £30,000, màá wá yẹ́lò Fancy Intense tó ní ìwé GIA tuntun. Èyíkéyìí tí mo bá sì rí, màá lọ síbi wíwò lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn, màá ṣí ìdè ẹ̀ màá tì í nígbà mẹ́wàá, màá sì gbé e lọ síbi fèrèsé, torí iná inú gíláàsì wọn máa ń jẹ́ kí gbogbo nǹkan dán.